Òkú táyà Ògèrè àti pátákó jáàkì bàbá mi

Ní Ògèrè Rẹ́mọ, níbi tí àwọn tírélà máa ń gúnlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni bàbá mi ti ń lẹ táyà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òkú táyà kì í lọ síbì kankan. Kì í jẹrà, òjò kì í wẹ̀ ẹ́ nù, oòrùn kò sì lè ṣe ju kí ó mú ara rẹ̀ sán wẹ́wẹ́ lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òkìtì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ga ju èjìká mi lọ. Nígbà tí mo fi máa parí ẹ̀kọ́ nípa pólímà, ìyẹn rọ́bà àti ike, ní ilé ìwé gíga tí mo sì padà wálé, ó ti bá òrùlé páànù dọ́gba. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá mi na ọwọ́ sí òkìtì náà, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé rọ́bà. Kí ni wọ́n ní kí a fi èyí ṣe?"

N kò ní èsì gidi kan lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ti rí láti ìgbà náà wá, nínú ìwé àti nínú iṣẹ́ ọwọ́, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí mo mọ̀ pé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́gánáísà káàkiri Ṣàgámù, Odògbolú àti Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òkú táyà ṣe ládùúgbò wa kò dára. Àwọn kan ń dáná sun ún kí wọ́n lè ṣa wáyà inú rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn mìíràn ń fi iná rẹ̀ jó irun kúrò lára awọ màlúù kí ó lè di pọ̀nmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni èéfín yẹn ní èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tó sì ń wọ inú awọ tí a óò sè jẹ. Èyí tí wọn kò bá sun, omi òjò a dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn a yé sí i, pàápàá jù lọ ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Bí òkìtì ńlá bá sì gbaná, pípa rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní Hagersville, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, òkìtì tó ní táyà bíi mílíọ̀nù 14 gbaná ní oṣù Kejì ọdún 1990, ọjọ́ 17 ni wọ́n sì fi bá a jà kí wọ́n tó rí i pa. Nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni tó ń dá iná ọbẹ̀ nítòsí òkìtì bàbá mi, ọ̀rọ̀ Hagersville ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Kí a tó sọ ohun tí a lè fi táyà ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí táyà jẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo fi ayùn irin la táyà tírélà kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán, ojú ayùn mẹ́ta ló sì kú sí i. Lójú ibi tí mo gé náà, mo rí rọ́bà dúdú tó nípọn lókè, níbi tó ń tẹ ilẹ̀. Mo rí ojú wáyà irin wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀léra lábẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dán bí orí abẹ́rẹ́. Ní etí rẹ̀ méjèèjì ni òrúka wáyà tó ki, èyí tó ń di táyà mọ́ ríìmù. Táyà ọkọ̀ kékeré tún máa ń ní òwú nylon tàbí polyester nínú. Rọ́bà náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan: rọ́bà tó ti ara igi wá wà níbẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe wà níbẹ̀, èédú kíkúnná tí wọ́n ń pè ní carbon black sì wà níbẹ̀, tó lè súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo táyà. Èédú yìí ni ó sọ táyà di dúdú, òun náà ni kì í jẹ́ kí ojú ọ̀nà tètè jẹ ẹ́ tán. Imí ọjọ́, zinc oxide àti oríṣiríṣi òróró ló kù. A lè rí i nígbà náà pé táyà ti jẹ́ ohun àdàpọ̀ tí a fi òwú àti irin tì lẹ́yìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a tú àdàpọ̀ kan kí a lè fi í to òmíràn.

Títú yẹn ni iṣẹ́ wà. Orúkọ iṣẹ́ bàbá mi gan-an sì ni àlàyé rẹ̀ wà. Ní ọdún 1839, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè nígbà ooru, tó sì máa ń le gbagidi nígbà òtútù, yóò di ohun tó ń nà tó sì ń padà sí ààyè rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọdún 1844 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Thomas Hancock náà ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrín ìgbà náà. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti ti àwọn alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi pe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá mọ ohun tí Ògún jẹ́ fún wa yóò tètè lóye ìdí. Láti ara Vulcan yẹn ni ọ̀rọ̀ fọ́gánáísà ti wá sí ẹnu wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní irin ìtẹ̀ kan tí wọ́n fi ń lẹ túùbù. Wọn a fi fáìlì ha ojú ibi tó jò, wọn a gé rọ́bà tí kò tíì jiná lé e, wọn a fún irin náà mọ́ ọn gírígírí, wọn a da bẹntiróòlù díẹ̀ sínú ago kékeré tó wà lórí rẹ̀, wọn a sì ṣáná sí i. Bí iná náà bá kú tí irin sì tutù, wọn a tú u, rọ́bà tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á ti di ọ̀kan pẹ̀lú túùbù, débi pé ìka ni ènìyàn fi ń wá ojú àlẹ̀mọ́ náà, kì í ṣe ojú. Òórùn imí ọjọ́ yẹn máa ń wà lára aṣọ wọn títí di alẹ́. Ó di ilé ìwé gíga kí n tó mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ ń fi lẹ́bùlẹ́bù ẹfun yà sójú pátákó ni bàbá mi ń ṣe lójoojúmọ́ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ohun tí imí ọjọ́ ń ṣe rèé. Rọ́bà jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn-gígùn tí ojú kò lè rí, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé tú kúrò lára kẹ̀kẹ́. Kí a tó sè é, ẹ̀wọ̀n kan lè yọ̀ kọjá lára èkejì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń rọ̀. Imí ọjọ́ ni ó máa ń so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì ní ojú púpọ̀, títí gbogbo rọ́bà inú táyà kan yóò fi di àwọ̀n kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí iná tó lè yọ́ ọ mọ́. Bí a bá gbé e ka iná, yóò jó ni, kò ní yọ́. Òrí tó dì lè yọ́, kí ó tún dì, kí ó tún yọ́, iye ìgbà tó bá wù wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà rí. Ṣùgbọ́n ẹyin tí a bá ti sè kò tún ní ṣàn mọ́, táyà sì ni ẹyin sísè yẹn. Ó tó ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n ti bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn yọ́ táyà kí a sì dà á sínú mọ́ọ̀dù, bí àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù ti ń ṣe. Ìdáhùn mi kò yí padà: táyà kì í yọ́, ẹni tó bá sì ní òun yọ́ ọ, jíjó ló jó o.

Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà láti já ìdè imí ọjọ́ náà láì já ẹ̀wọ̀n rọ́bà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fi ooru àti ìfúnpọ̀ inú ẹ̀rọ onískúrù méjì ṣe é, wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe é, wọ́n ń fi ìgbì microwave ṣe é, kódà wọ́n ń fi kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ imí ọjọ́ ṣe é. Ìṣòro rẹ̀ ni pé agbára tó ń já ìdè kò jìnnà púpọ̀ sí agbára tó ń já ẹ̀wọ̀n, nítorí náà bí a bá fi díẹ̀ kọjá ààlà, rọ́bà náà á bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gidigidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ní Ògèrè ti lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó wà ní ìkáwọ́ wa ni pé kí a lọ rọ́bà náà kúnná, kí a wá ohun mìíràn tó ń yọ́ tí yóò gbà á mọ́ra, kí a sì fi fọ́nrán ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn.

Lílọ̀ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ọlọ́bẹ yóò gé táyà sí wẹ́wẹ́ láì mú un gbóná tàbí tutù tẹ́lẹ̀, òòfà yóò fa wáyà kúrò, afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ òwú lọ, asẹ́ yóò sì ya èyí tó kúnná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ki. Nínú èkejì, wọn yóò fi nitrogen olómi, tó tutù tó -196°C, mú táyà le bí ìgò, wọn yóò sì fọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ yóò rò pé èkejì ló dára jù, nítorí ó ń kúnná dáadáa. Fún iṣẹ́ tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí a fọ́ nínú òtútù máa ń ní ojú tó dán bí àfọ́kù ìgò. Èyí tí a lọ̀ lásán máa ń ní ojú jágajàga bí kànìnkànìn, jágajàga yẹn ló sì ń fún ike ní ibi tí yóò ti dì í mú.

Èmi kò tilẹ̀ ra ẹ̀rọ ìlọ̀. Ibì kan wà ní Ṣàgámù tí wọ́n ti ń lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ táyà tírélà. Kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ha ẹ̀yìn àtijọ́ kúrò, ohun tí wọ́n bá sì ha máa ń bo ilẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ dúdú. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí òwú. Àpò mẹ́rin ni mo kó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé èyí kò tíì dín òkìtì bàbá mi kù, nítorí òkìtì yẹn yóò nílò ẹ̀rọ ìgé tó lágbára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá àdàpọ̀ náà yóò dúró kí n tó náwó sórí ẹ̀rọ.

Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò nílò àlàyé gígùn lórí ohun àdàpọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kọ̀ǹpósíìtì. Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà rírin ló di gbogbo rẹ̀ pọ̀, kókó wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan sì wà bí ó ṣe wà láì di èkejì. Bí ewùrà náà bá ṣàn jù, ẹja á bọ́ kúrò nínú rẹ̀; bí ó bá dì dáadáa, ṣíbí kan á gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ike tó yọ́ ni ewùrà, rọ́bà lílọ̀ ni kókó, fọ́nrán tó ń fún un lágbára ni ẹja. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mo yàn fún ike, nítorí pé ó wà nílẹ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀ láti Ìpẹru dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àti nítorí pé ó máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 110°C, tí ó jìnnà sí ìwọ̀n ooru tí rọ́bà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń fi gbé epo nílò bíi 130°C, àwọn ike kan tó le sì nílò ju 160°C lọ. Ẹni tó bá ń lo ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ooru rẹ̀ gidigidi.

Pátákó jáàkì ni mo fẹ́ ṣe. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ ibi tí àwọn tírélà ń dúró sí máa ń rọ̀. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹsẹ̀ jáàkì a máa rì. Pákó ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pákó a sì là. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí pákó là nígbà tí ọwọ́ ọmọṣẹ́ bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìró náà. Ohun tí kò ní là, tí kò ní mu omi, tí kò sì ní yọ̀ nínú ẹrẹ̀ ni mo ń wá.

Wẹ́dà kan ní Ṣàgámù bá mi ṣe ẹ̀rọ onískúrù tó jọ èyí tí wọ́n fi ń fún àdín, ó fi iná ẹlẹ́tíríìkì yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Fún títẹ̀ ẹ́ nínú mọ́ọ̀dù, mo lo férémù irin tí wọ́n fi ń tẹ gàrí, èyí tó ní jáàkì láàrín. Pátákó àkọ́kọ́ jẹ́ ìlàjì rọ́bà, ìlàjì ọ̀rá. Ó dán, ó dúdú, ó wù mí lójú. Mo gbé e fún bàbá mi, wọ́n yí i wò, wọ́n jẹ́ kí ó bọ́ láti ìbàdí wọn sórí kankéré, ó sì dá sí méjì.

Mo mú ààbọ̀ kan lọ sí ìdí fèrèsé, mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo ojú ibi tó ti dá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kọ́ mi ju ìwé púpọ̀ lọ. Ọkà rọ́bà kò fọ́ rárá. Odindi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ jáde, ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ike sì dán mọ́nránmọ́nrán, bí inú èèpo ẹ̀pà tí hóró ti bọ́ kúrò. Ike náà kò di rọ́bà mú. Ó kàn yí i ká lásán ni. Níbi tí ó yẹ kí ẹrù ti kọjá láti ara ike sí ara rọ́bà, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe fi rọ́bà kún un tó ni mo ń fi ihò kún un tó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọ̀n ni rọ́bà inú táyà ti di, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè na ọwọ́ jáde láti bá ti ike lọ́ pọ̀. Bákan náà, ọkà rọ́bà mi tóbi jù. Àwọn tó ń fi rọ́bà mú ike tó máa ń tètè fọ́ le dáadáa máa ń lo ọkà tó kéré gan-an, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ kò ní kún orí abẹ́rẹ́. Irú èyí a máa dá ojú sísán dúró kí ó tó rìn jìnnà. Ọkà tiwa, tí ó lè tó ìdajì mìlímítà, ibi tí sísán ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń jẹ́ bí ohunkóhun kò bá so ó mọ́ ike. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi táyà ṣe bíríkì ń rò pé pípò ni iṣẹ́ náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àṣé ojú ibi tí rọ́bà àti ike ti pàdé ni gbogbo iṣẹ́ wà, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí a kò bá ha ojú túùbù dáadáa, àlẹ̀mọ́ náà kò ní dúró, bó ti wù kí rọ́bà rẹ̀ dára tó.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn, wọ́n ní, "O ò ha ojú ẹ̀." Ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà láti "ha ojú" rọ́bà àti ike pọ̀. Mo kọ́kọ́ sẹ́ rọ́bà náà, mo sì mú kìkì èyí tó gba inú asẹ́ kíkúnná kọjá. Mo sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì, nítorí omi díẹ̀ tó bá kù nínú rẹ̀ yóò di èéfín nínú ẹ̀rọ, yóò sì dá ihò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ra ike kan tí wọ́n ti so kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ maleic anhydride mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, bí ìyọ̀ inú ọbẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó sì ń bá a lọ́ pọ̀; apá kejì rẹ̀ fẹ́ràn ohun tí ike lásán kì í fẹ́, irú bí ojú igi àti ojú fọ́nrán ewéko. Òun ló máa ń dúró láàrín bí alárinà, tó ń di ọwọ́ tọ̀tún àti tòsì mú pọ̀. Mo sì kọ́ pé mọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ jáàkì títí yóò fi tutù. Bí a bá tú u nígbà tó ṣì gbóná, ike á sún kì, á sì fà sẹ́yìn kúrò lára rọ́bà, gbogbo wàhálà á di òfo.

Fún fọ́nrán, àwọn tó lówó ń lo ti gíláàsì. Èmi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń fún epo pupa ní Ìlíṣàn, mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ra ihá lọ́wọ́ yín." Ihá ni fọ́nrán tó kù lẹ́yìn tí a bá ti fún epo ẹyìn tán, èyí tí a fi ń ṣe ògùṣọ̀. Ìyá náà bi mí bóyá iná ni mo fẹ́ fi dá. Nígbà tí mo ní pátákó ni mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fún mi ní odindi àpò kan láì gba kọ́bọ̀. Ọ̀rá epo ṣì wà lára ihá, epo sì jẹ́ ọ̀tá ìlẹ̀mọ́ra, nítorí náà mo rẹ ẹ́ sínú omi tí mo po mọ́ sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò, ìwọ̀n 5 nínú 100, mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe é, mo fọ̀ ọ́ ní omi mímọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì sá a. Kí n tó fi sódà sí i, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó rí jágajàga, ó sì ń dá ìka dúró. Mo gé e sí bíi mìlímítà 10. Bí fọ́nrán bá kúrú jù, ìyẹ̀fun lásán ni, kò ní ti nǹkan kan lẹ́yìn. Bí ó bá gùn jù, á lọ́ mọ́ skúrù ẹ̀rọ, á sì dúró síbì kan bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Pátákó tó dúró ní ọ̀rá 55 nínú 100, rọ́bà 30, ihá 10, àti alárinà 5. Òǹkà tó bá ẹ̀rọ mi àti ohun èlò mi mu nìyí, kì í ṣe òfin fún ẹlòmíràn. Mo jẹ́ kí ó bọ́ sórí kankéré, ó ta, kò dá. Mo ṣẹ́ igun rẹ̀, mo tún mú dígí wò ó: ní ọ̀pọ̀ ibi, rọ́bà ni ó ya kí ó tó fi ike sílẹ̀, fọ́nrán ihá sì já ní ojú ibi tó dá dípò kí ó yọ. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá mi kúrò nídìí iṣẹ́ wá wò ó. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò nílé, nítorí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan: ẹ ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde sínú abọ́ omi, yóò léfòó, ẹ ju ègé táyà sí i, yóò rì. Ìyàtọ̀ ìwúwo yìí ni wọ́n ń lò láti fi ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá dàpọ̀ nínú pàǹtí, kí a tó wá mọ̀ọ́mọ̀ pò wọ́n bí a ṣe fẹ́.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ààlà rẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ ìlérí tó pọ̀ jù lórí irú nǹkan báyìí. Àdàpọ̀ yìí dára fún ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ohun tí a ń gbá: pátákó jáàkì, bíríkì ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ìdérí kòtò omi tí ọkọ̀ kì í gba orí rẹ̀, ohun tí ń dín eré ọkọ̀ kù lójú pópó, ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi ṣe igi àjà tàbí òpó ilé, nítorí ike máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kì í kúrò lórí rẹ̀, oòrùn ọ̀sán wa sì ń mú títẹ̀ náà yára. Mo fẹ́ràn pé kí rọ́bà wà nínú ike ju kí a fọ́n ọn ká ilẹ̀ lọ; ní ọdún 2023 ni àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tí yóò fòpin sí títa ọkà rọ́bà tí wọ́n ń dà sórí pápá ìṣeré, pẹ̀lú ọdún mẹ́jọ láti fi múra sílẹ̀, nítorí pé òjò àti bàtà ń gbé e lọ sínú odò. Lílo rọ́bà táyà kì í sì í ṣe ohun tuntun: láti bíi ọdún 1960 sí 1970 ni Charles McDonald ti ń po ó mọ́ ọ̀dà ojú títì ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Freee Recycle ní Ìbàdàn sì ti ń fi òkú táyà ṣe bíríkì ojú ilẹ̀ nítòsí wa níbí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ́ ọ̀rá nínú agbada lórí igi, kí ó sì da rọ́bà sí i nínú ilé. Ooru tí a kò wọ̀n máa ń kọjá 200°C kí ènìyàn tó mọ̀, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tí ẹ ó sì gbọ́ nígbà náà ni rọ́bà tó ti ń tú ká, kì í ṣe ohun tí a ń fà símú. Ìta gbangba ni mo ti ń ṣe tèmi, pẹ̀lú òǹwọ̀n ooru lára ẹ̀rọ, n kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá 160°C.

Ìtàn rọ́bà pẹ́ ní ilẹ̀ wa ju bí a ṣe rò lọ. Ní ọdún 1895, rọ́bà inú igbó tó gba Èkó jáde lọ sí òkè òkun ti ju mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ, wọ́n sì kọ igi náà títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ni a ní ilé iṣẹ́ táyà tiwa, ṣùgbọ́n Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà ní ọdún 2008. Gbogbo táyà tí bàbá mi ń lẹ̀ báyìí, òkè òkun ló ti wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tòkunbọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà létí táyà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2015. Mo máa ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí lára òkìtì náà. Púpọ̀ nínú wọn ti gbó kí wọ́n tó gun ọkọ̀ ojú omi wá, ó sì ń dùn mí pé ìdọ̀tí ni a ń fi owó wa rà.

Pátákó kejì ti lo ìgbà òjò kan gbáko lábẹ́ jáàkì báyìí. Orí ọkọ̀ tírélà tí kò gbé ẹrù ni a kọ́kọ́ fi dán an wò, tí a sì fi òkúta dí táyà yòókù, kí bàbá mi tó gbà pé kí wọ́n lò ó fún èyí tó gbé símẹ́ńtì. Kò là. Ojú ẹsẹ̀ jáàkì hàn lórí rẹ̀ bí òǹtẹ̀ olóbìírí, jíjìn rẹ̀ kò tó nínípọn èékánná. Ṣùgbọ́n ní igun kan tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń kán sí, ó ti wú, ó sì ti rọ̀ díẹ̀, nítorí rọ́bà táyà máa ń mu ọ́ìlì. Bàbá mi fi èékánná tẹ ibẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín rọ́bà tó wà lójú òkè rẹ̀ kù, kí ike nìkan lè wà níbi tí ọ́ìlì ń dé, kí rọ́bà sì wà nínú; mọ́ọ̀dù tuntun náà wà lọ́dọ̀ wẹ́dà ní Ṣàgámù, ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.